Ìlẹ̀kẹ̀ tí mo gbé sọ́nà láti Àkúrẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń sín ìlẹ̀kẹ̀, tí ẹ ń ṣe yẹtí àti ẹ̀gbà ọwọ́ nínú yàrá yín, tí ẹ wá ń rò ó pé kí ẹ gbé e lọ síbi ìpàtẹ ọjà nílùú mìíràn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó ká sọ̀rọ̀, torí ó ti ṣe díẹ̀ tí èmi náà ti wà lẹ́nu ẹ̀, ojú mi sì ti rí nǹkan. Àkúrẹ́ ni mo wà. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ò jìnnà sí Ọjà Ọba, ní ẹ̀gbẹ́ títì Ọba Adésìdá, níbi tí ariwo ọ̀kadà àti ti àwọn ọlọ́jà ò ti ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ rédíò yín. Mo ń sín ti ọrùn, ti ọwọ́, ti ìdí, ti ìyàwó, ti ìjòyè. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀: ọjà tí mo dì kúrò nílé kọ́ ló ń mówó wá jù lójú ọ̀nà, iṣẹ́ tí mo bá jókòó ṣe lójú àwọn èèyàn ni. Ó pẹ́ kí èyí tó yé mi, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, ìyẹn ni mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọdún 2023 ló lé mi jáde. Ẹ rántí ọdún yẹn. Ní February kásì ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá fi gbogbo àárọ̀ tò sí báǹkì kó tó rí owó díẹ̀ gbà, ṣé yẹtí ló máa wá fi rà? Nígbà tó di ìparí May wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù tí à ń rà ní nǹkan bí 190 náírà kọjá 500 lójijì. June dé, náírà tún já wálẹ̀ lójú dọ́là, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kírísítà tí à ń lò, ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì kéékèèké, úùkù, wáyà, òkè òkun ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá, China ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Mo lọ rajà ní Balógun l'Ékòó, owó tó máa ń ra báàgì kan kún fún mi tẹ́lẹ̀, ìdajì báàgì ni mo gbé bọ̀. Nílé níbí, àwọn ìyàwó tó máa ń gba odidi sẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "Àǹtí, ẹ ṣáà yá mi ní èyí tó wà ńlẹ̀ yẹn, màá dá a padà lọ́jọ́ Monday."

Àǹtí kan wà ládùúgbò wa, aládìrẹ ni, ó ti pẹ́ tó ti ń káàkiri ìpàtẹ. Òun ló pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní "Ìwọ ṣáà jókòó síbẹ̀ yẹn, kó o máa retí pé Àkúrẹ́ nìkan ló máa bọ́ ẹ." Bí mo ṣe tẹ̀ lé wọn nìyẹn o. Èmi, Àǹtí aládìrẹ, bọ̀dá kan tó ń ṣe bàtà awọ, àti àbúrò mi obìnrin, a máa ń dáwó epo jọ, a ó gba Síẹ́nà Bàbá Ìbejì tó ń ná ọ̀nà Iléṣà, àwọn fúnra wọn ló sì ń wà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn kan péré lẹ́nu mi lórí ìrìn-àjò, èyí ni kẹ́ ẹ gbà: ẹ má dá a lọ. Kì í ṣe torí owó epo nìkan. Ẹni tó wá ra àdìrẹ lọ́wọ́ Àǹtí, á ti fẹ́ yẹtí tó máa bá a mu, tábìlì mi sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Tí mo bá fẹ́ lọ tọ̀, ẹnìkan á bá mi wo ọjà. Ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílẹ̀kẹ̀ mìíràn, ojú kọ́stọ́mà ni wọ́n máa fi bára wọn jà.

Bàbá Ìbejì ní òfin tiwọn. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ dáadáa ká tó gbéra, tó bá sì jẹ́ ìlú tó jìn, ìrọ̀lẹ́ ò gbọdọ̀ bá wa lójú títì, ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà ṣe rí láyé ìsinsìnyí. Ìgbà mìíràn ìpàtẹ ṣì ń lọ lọ́wọ́, kọ́stọ́mà ṣì dúró níwájú mi tó ń wọn ẹ̀gbà sọ́wọ́, wọ́n á ní ká máa palẹ̀ mọ́. Ó máa ń dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò bá wọn jiyàn rí. Yẹtí mélòó la fẹ́ tà tó máa tó ẹ̀mí èèyàn?

Ọ̀rọ̀ ẹrù náà wà níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kéré lójú ṣùgbọ́n ó wúwo bí nǹkan míì, ẹ má gbé e sórí mọ́tò, ẹ má sì kó gbogbo ẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù ńlá kan, torí kòtò tó wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà nìkan tó láti lọ́ gbogbo ẹ̀ mọ́ra débi pé ẹ ó fi àárọ̀ kùtù tú u. Mo máa ń so ẹ̀gbà ọrùn kọ̀ọ̀kan mọ́ páálí pẹlẹbẹ, màá wá tò wọ́n sínú àpótí tó ní ìdérí lẹ́sẹ̀ ìjókòó wa. Aṣọ dúdú ni mo máa ń tẹ́ sórí tábìlì torí pupa iyùn máa ń yọ lórí dúdú ju ti funfun lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kókó ju tábìlì gan-an lọ ni dígí. Ẹ gbé dígí tó tóbi dání, èyí tó máa fi orí hàn títí dé àyà. Obìnrin tó bá ti rí ara ẹ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ kì í fẹ́ bọ́ ọ mọ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ní kọ́stọ́mà kó fi kámẹ́rà fọ́ọ̀nù wo ara ẹ̀, tó wo ara ẹ̀, tó ní ojú òun dúdú jù, tó bá tiẹ̀ lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé Ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ ò jìnnà sí wa, ẹ kàn máa gba Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ àti Ùsò kọjá ni, ẹ ti dé. A máa ń lọ lásìkò Igogo ní September. Ẹni tí kò bá mọ Igogo, ọdún tí wọ́n ń ṣe fún Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n ni, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n láyé àtijọ́, ọjọ́ 17 ló máa ń gbà, ìlù ò gbọdọ̀ dún nígboro láàárín ìgbà yẹn, agogo ni wọ́n ń lù, Ọlọ́wọ̀ á sì dirun bí obìnrin, wọ́n á wọ iyùn sára jìngbìnnì, wọ́n á jó jáde. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn ń ṣe sí ọjà wa o! Ní ibi ìgbéyàwó l'Ákùúrẹ́, gèlè máa ń bo etí, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ló ń jáde, nítorí náà ti ọrùn ni mo máa ń dì jù. L'Ọ́wọ̀ lásìkò Igogo, orí gbogbo obìnrin wà lóde, irun dídì ni wọ́n gbé jáde, etí wá di ibi tí gbogbo ojú ń wò. Yẹtí ni wọ́n ń bèèrè, èyí tó gùn, tó ń mì. Àti pé àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń ra ìlẹ̀kẹ̀ gan-an. Bọ̀dá kan tó ti Abuja wá sílé fún ọdún ra ti ọrùn méjì àti ti ọwọ́, kò tiẹ̀ ná an púpọ̀, ó ní bí bàbá òun ṣe máa ń wọ̀ ọ́ nìyẹn. Kírísítà aláwọ̀ búlúù tó ń tà wàràwàrà ní Àkúrẹ́, ẹnìkan ò wò ó lọ́hùn-ún. Pupa ni, pupa rẹ́súrẹ́sú, iyùn tàbí ohun tó bá jọ iyùn.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń bèèrè ṣáájú kí n tó dì ẹrù: kí ni wọ́n ń ṣe nílùú yẹn lásìkò yẹn, kí ni wọ́n ń wọ̀, kí ni wọn kì í wọ̀, orí ń bò àbí orí wà lóde?

Òṣogbo tún yàtọ̀. August la máa ń lọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, nígbà yẹn ẹ ó rí àwọn tó ti Brazil àti Amẹ́ríkà wá, ìlú á kún dẹ́nu. Mo ti rò ó pé ibẹ̀ ni màá ti ta sẹ́ẹ̀tì olówó ńlá. Màmá kan tó wọ funfun látòkè délẹ̀, tí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ oyin wà lọ́rùn wọn, dúró síwájú mi, wọ́n wo gbogbo ẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, wọ́n wá bi mí pé "Ṣé o ò ní wóró ẹ̀ lásán, èyí tí a ò tíì sín?" Mo ní mo ní in mà. Mo kó oríṣiríṣi jáde. Wọ́n jókòó sórí àga àbúrò mi, wọ́n ń ṣà á ní wóró wóró, mo sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n ń dá mi lóhùn sùúrù-sùúrù. Wọ́n ní pupa àti funfun tí a bá tò lé ara wọn, kẹ̀lé Ṣàngó ni. Funfun gbòò, ti Ọbàtálá ni. Tiwọn, ti Ọ̀ṣun, oyin àti ìyeyè. Ti ọmọ awo, àwọn onífá, òtútù òpọ̀n, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀. Wọ́n ní ìdè, ìyẹn ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹlẹ́sìn máa wọ̀, ọjà kọ́ ló ti ń wá ní sínsín, ilé ni wọ́n ti ń sín in, àwọn tó yẹ kó sín in ló ń sín in, wóró ló yẹ kí èmi máa tà fún wọn, kí ihò ẹ̀ sì tóbi tó kí òwú gbà á, torí àwọn ò fi okùn rọ́bà sín in.

Ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn? Kì í ṣe ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni mí, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe iyebíye lójú ẹnìkan, kéèyàn mọ bó ṣe jẹ́ kó tó tà á. Ní báyìí mo máa ń gbé wóró dání nínú ìgò lọ sí Òṣogbo, ihò ńlá, àwọ̀ tó pé. Ó ń tà.

Ilé-Ifẹ̀ la gbà kọjá nígbà tí a ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn torí Bọ̀dá oníbàtà fẹ́ gbé nǹkan fún ẹnìkan, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Igbó Olókun fún àbúrò mi. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ò mọ̀ pé àwọn baba wa ń yọ́ gíláàsì níbẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500, tí wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ fúnra wọn, ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ ọ ṣì wà táwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde, gíláàsì tó lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ ò tíì kúrò. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, èròjà tó wà nínú ẹ̀ fi hàn pé ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe pé wọ́n kàn yọ́ tòkè òkun tún ṣe. Nígbà tí mo ń ṣí páálí kírísítà China, mo máa ń rántí ẹ̀, ó sì máa ń ká mi lára. Ìlọrin náà bẹ́ẹ̀, àwọn ló máa ń fi ọwọ́ lu òkúta pupa tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántánà láyé àtijọ́, tí wọ́n ń dán an títí á fi máa kọ mọ̀nà, iṣẹ́ yẹn ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ìdílé tó bá ní ìlẹ̀kẹ̀ náà kì í jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìlọrin gan-an, ìpàtẹ tí a lọ síbẹ̀, mi ò ní gùn lórí ẹ̀. Iye tí wọ́n sọ fún wa lórí fọ́ọ̀nù kọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa nígbà tí a dé, wọ́n ní kánópì ti yàtọ̀, iná ti yàtọ̀. Ẹ gba ohun gbogbo ní kíkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ó pin.

Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Lẹ́yìn tí àwòrán ti ọdún 2024 gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo onílẹ̀kẹ̀ ló fẹ́ lọ síbẹ̀, èmi náà fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín. Lọ́jọ́ náà fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ra ìlẹ̀kẹ̀. Régbérégbé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ti mú aṣọ wọn, wọ́n ti mú ìlẹ̀kẹ̀ wọn láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọjọ́ yẹn ẹṣin ni wọ́n ń wò. Ṣáájú Ramadan ni kẹ́ ẹ ti wá ẹnìkan mọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, kẹ́ ẹ gbé àpẹẹrẹ méjì mẹ́ta lọ hàn wọ́n. Bọ̀dá kan tó wà nínú ẹgbẹ́ ló sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ tààrà: "Àǹtí, ẹ ti pẹ́ dé fún tọdún yìí, ti àmọ́dún ni kẹ́ ẹ máa ṣe báyìí."

Ondó ló wá yí gbogbo ẹ̀ padà. Ondó tí mo sọ yìí, Òde Ondó ni, ìlú Òṣemàwé, tí ìtàn wọn sọ pé obìnrin ló kọ́kọ́ jọba níbẹ̀, Púpùpú, tí Lóbùn sì jẹ́ ọba obìnrin tí ọ̀rọ̀ ọjà wà lọ́wọ́ ẹ̀ títí dòní. Àwọn obìnrin ibẹ̀ mọ ìlẹ̀kẹ̀, ẹ ò lè fi nǹkan yẹpẹrẹ tàn wọ́n jẹ. Ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ kékeré kan ni a lọ, ọjà ò yá, oòrùn mú, àwọn èèyàn ń wò, wọ́n ń ná, wọ́n ń lọ. "Ìlẹ̀kẹ̀ lásán yìí, ṣé kì í ṣe pé ẹ kàn ń ki í bọ okùn ni?" Ẹnìkan sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lójú ara mi. Mi ò dá a lóhùn. Mo kàn fa tíréè mi yọ, mo mú pláyà àti okùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ tí ìyàwó kan ti gbé fún mi ní Àkúrẹ́ tí mi ò tíì parí, kí ọwọ́ mi má baà dilẹ̀.

Màmá àgbà kan dúró. Wọ́n ò wo tábìlì rárá, ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní:

"Ọmọ mi, ṣé o máa ń tún èyí tó ti já sín?"

"Mo máa ń ṣe é mà. Ẹ gbé e wá, Màmá, a wà níbí títí di ìrọ̀lẹ́."

Wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n máa padà, ọmọ-ọmọ wọn ló tẹ̀ lé wọn tó gbé agolo bísíkíìtì àtijọ́ kan dání. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀. Iyùn, iyùn gidi, àwọn kan tó atàǹpàkò, ó dàpọ̀ mọ́ bọ́tìnnì, píìnì àti owó kọ́bọ̀ àtijọ́. Wọ́n ní "Ti ìyá mi ni. Ó já mọ́ mi lọ́rùn lọ́jọ́ tí a sin bàbá àwọn yìí, àtìgbà náà mi ò tíì ní ẹni tí mo lè kó o fún."

Mo ní "Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ kà á kí n tó fọwọ́ kàn án."

Wọ́n wò mí. "Ṣé o rò pé mi ò gbà ẹ́ gbọ́ ni?"

"Ẹ gbà mí gbọ́ mà. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ ká kà á."

A kà á. Ọmọ náà fi fọ́ọ̀nù yà á, ó kọ iye ẹ̀ sínú ìwé méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ èmi, ọ̀kan lọ́wọ́ wọn. Mo wá fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní omi díẹ̀ nù wọ́n ní kọ̀ọ̀kan, lúbúlúbú àti òróró ọdún tó ti pẹ́ ló ti dì mọ́ ihò wọn. Òwú tí wọ́n fi sín in tẹ́lẹ̀ ti jẹrà pátápátá, ó ń já lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń fà á. Mo tò ó sórí tíréè, kékeré láti ẹ̀gbẹ́, ńlá sí àárín, bó ṣe yẹ kéèyàn ṣe é. Màmá ná ọwọ́, wọ́n mú ọ̀kan tí ara ẹ̀ ti kán díẹ̀, wọ́n ní "Rárá o. Eléyìí ló máa ń wà láàárín. Ìyá mi kì í jẹ́ kó kúrò láàárín." Kì í ṣe òun ló tóbi jù. Kì í ṣe òun ló pupa jù. Mo gbé e sí àárín. Wọ́n wá ń sọ fún mi èyí tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, wọn ò tíì rí i lọ́rùn láti ọjọ́ ìsìnkú yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ètò ẹ̀ títí kan èyí tó kẹ́yìn.

Bí mo ṣe ń sín in, mo ń ta kókó sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń sín iyùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta kókó. Iyùn ò le tó òkúta, tí ọ̀kan bá ń fara gbo èkejì ó máa jẹ ara wọn, tí okùn bá sì já lójijì lóde, ẹyọ kan ló máa bọ́, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Etí ihò iyùn àtijọ́ máa ń mú, òun ló ń gé okùn, mo máa ń fi ìrin wẹ́wẹ́ kan ha á kó jọ̀lọ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ yẹn pẹ́, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ọ̀kan ní "Èyí tí mò ń wò yìí, ti ìyá tèmi náà wà nílé." Èkejì ní ti òun wà l'Ékòó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun. Ẹni tó ní mo kàn ń ki ìlẹ̀kẹ̀ bọ okùn lẹ́ẹ̀kan, ó padà wá, ó dúró lẹ́yìn wọn, ó ń wò, ó wá béèrè iye yẹtí tó fọwọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ láàárọ̀, kò ná an mọ́. Kò sẹ́ni tó ná nǹkan lọ́sàn-án yẹn. Ẹni tó bá ti fojú ara ẹ̀ rí i bí ọwọ́ ṣe ń ṣe é, tó rí kókó lẹ́yìn kókó, kò ní pè é ní lásán mọ́.

Ọjọ́ kejì, wọ́n ń gbé e bọ̀ lóríṣiríṣi, nínú ìbọ̀sẹ̀, nínú ike bọ́tà, nínú ìwé béébà. Nígbà tí a ṣírò owó lálẹ́, ti àtúnsín ju ti ọjà lọ, mi ò sì ra wóró kan láti fi ṣe é, okùn àti àkókò mi ni.

Ohun tí mo wá ń ṣe látìgbà yẹn rèé. Iye wóró ni mo fi ń dá owó iṣẹ́, kì í ṣe bí iyùn náà ṣe wọ́n tó. Mi ò ń wo mọ́tò tí ẹni náà gbé wá. Lójú oníǹkan ni mo ti ń ṣe é, tí kò bá lè dúró, kó fi ẹnìkan sílẹ̀, tí kò bá sí ẹni tó máa dúró, kó gbé e lọ sílé ká ṣe é lọ́jọ́ míì. Mi ò jẹ́ gbé ogún onílé kọjá ojú títì lọ sí Àkúrẹ́. Wọ́n ti bẹ̀ mí, mo kọ̀. Tí kò bá pé mọ́ ńkọ́? Owó wo ni màá san?

Ọ̀rọ̀ ayédèrú wá wà ńbẹ̀, èyí tó máa ń wúwo lọ́kàn mi. Iyùn gidi, inú òkun ló ti ń wá, ẹran omi kéékèèké ló ń kọ́ ọ, èròjà tó wà nínú ìkarahun ìgbín ló wà nínú ẹ̀. Láti nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn ni àwọn Potogí ti ń kó o wá sí Bìní. Tẹ́ ẹ bá kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ bíńtín sí etí ihò ẹ̀, ó máa hó, kẹ́ ẹ tètè nù ún kúrò torí ó ń jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí òógùn àti lọ́fínńdà fi ń mú kí ó ṣú. Rọ́bà ò ní hó. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ dán ìyẹn wò lórí ìlẹ̀kẹ̀ ẹlòmíì. Ìwúwo ni mo fi ń mọ̀ ọ́n, iyùn máa ń tutù tí mo bá fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ti rọ́bà kì í tutù bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí wọ́n ti pa á pọ̀.

Bọ̀dá kan gbé ti màmá ẹ̀ tó ti kú wá, bó ṣe bọ́ sí ọwọ́ mi ni mo ti mọ̀. Èèyàn pọ̀ níwájú tábìlì. Mo ní "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ẹ̀yìn kánópì." Mo sọ ọ́ fún wọn jẹ́jẹ́, mo fi ìlà náà hàn wọ́n. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní "Ṣé ẹ ń sọ pé rọ́bà ni màmá mi ń wọ̀ ni?" Mo ní "Sà, ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni mò ń sọ. Tí ẹ bá ní kí n sín in, bí mo ṣe ń sín iyùn náà ni màá ṣe sín in." Wọ́n dúró pẹ́. Wọ́n ní kí n sín in. Mo ta kókó sí gbogbo ẹ̀, iye kan náà ni mo gbà. Wọ́n ti rán èèyàn mẹ́ta sí mi láti ìgbà yẹn. Àwọn onílẹ̀kẹ̀ kan máa ń dákẹ́ kí ọjà má baà bàjẹ́, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ẹ bá tàn jẹ lórí ohun ìyá ẹ̀, ọjọ́ tó bá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ rà á ni àṣírí máa tú, orúkọ yín ni wọ́n á sì kọ́kọ́ dá.

Lórí owó, ẹ ṣọ́ra fún àlẹ́ẹ̀tì irọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń burú níbi ìpàtẹ torí èèyàn pọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà wọlé, wọ́n á fi àwòrán tráńsífà hàn yín, wọ́n á ní ọ̀nà jìn, Bàbá ń dúró nínú mọ́tò. Àbúrò mi ni mo fi sí ìdí ìyẹn, òun ló ń wo inú áàpù, tí owó ò bá tíì wọlé, ìlẹ̀kẹ̀ ò ní kúrò lórí tábìlì, kódà kó jẹ́ ẹni tó ń pe ara ẹ̀ ní Pásítọ̀. A máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ má bínú sà, ẹ jókòó díẹ̀, ẹ mu omi, kó wọlé." Ẹni tó sanwó lóòótọ́ kì í bínú.

Ní báyìí, ẹrù mi ti fúyẹ́. Mi ò kó ju ìdajì ohun tí mo máa ń kó tẹ́lẹ̀ lọ, yẹtí, ti ọwọ́ díẹ̀, ìgò wóró, àwọn àpẹẹrẹ tí èèyàn lè wò kó fi gbé iṣẹ́ fún mi. Àyè tó kù, iná ṣáájì tó mọ́lẹ̀ dáadáa ló wà níbẹ̀, tíréè tí a tẹ́ aṣọ sí kí wóró má baà yí ká, okùn oríṣi mẹ́ta, àga méjì sí i fún àwọn àgbà. Àga yẹn ṣe pàtàkì o, màmá tí kò bá rí ibi jókòó kò ní dúró kà á. Tí a bá ti dé ìlú kan, kí n tó tẹ́ ọjà rárá, mo ti jókòó, mo ti ń sín nǹkan.

Àbúrò mi ti ń ta kókó tó dán báyìí, tiẹ̀ tiẹ̀ tún wẹ́ ju tèmi lọ. Ẹkímọ̀gún, ọdún ìlú Ondó, ń bọ̀ níparí ọdún, ilé á kún l'Óndó, àwọn tó wà l'Ékòó àti l'Ábújá á gbé ti ìyá wọn wálé, mo sì ti sọ fún Bàbá Ìbejì pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún tábìlì kejì, torí tiẹ̀ ni yóò máa jókòó sí.